Bí Ìgbìmọ̀ Aráàdúgbò Ṣe Máa Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Lórí Ọ̀rọ̀ Ilé Gbígbé L'Ékòó, Tí Kò Fi Ní Tú Ká

Ìpàdé àkọ́kọ́ máa ń kún. Àga ò ní tó, àwọn kan á dúró sẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ẹnu á sì máa sọ̀rọ̀ owó ilé. Tó bá di ìpàdé kejì, ìdajì wọn ò ní yọjú mọ́. Tó bá fi máa di ìkẹrin, ó ku alága, akọ̀wé àti ẹni tó ni gbọ̀ngán. Bí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé ṣe ń parí nìyẹn ní Mainland, láti Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta dé Mushin, láti Ṣómólú dé Súrùlérè. Àwọn tó wá síbẹ̀ fẹ́ ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ohun tó ń pa iṣẹ́ náà ni pé ìbínú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí ọ́fíìsì kan pàtó lágbára láti dáhùn.

Ẹ̀yin tí kánsù tàbí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ìyẹn CDA, ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn ni mo ń kọ èyí fún. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo máa bá yín rìn já, láti ọjọ́ tí ẹ gba ìwé títí dé ọjọ́ tí ẹ máa gbé àbọ̀ àkọ́kọ́ lọ sí kánsù.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí ẹ tó jókòó

- Ìwé ìyànsípò tó ní òǹtẹ̀ kánsù, tàbí ìwé ìpinnu CDA tí alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí.
- Èèyàn mẹ́sàn-án, mọ́kànlá tàbí mẹ́tàlá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iye yín ṣeé pín sí méjì dọ́gba, torí ọjọ́ ìdìbò.
- Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan, tí ẹ ti kọ nọ́ńbà sí gbogbo ojú ewé rẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ẹni bá fa ewé kan ya, ó máa hàn.
- Odindi ẹ̀dà Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011. Ẹ má lo èyí tí ẹnì kan gé sórí WhatsApp.
- Àwòrán àdúgbò tí ẹ fi ọwọ́ ara yín yà, pẹ̀lú òpópónà, gọ́tà, ilé, kànga àti bóhóòlù.
- Ibi ìpàdé tí kì í ṣe pálọ̀ onílé kankan, tí kì í sì í ṣe ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú. Kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ ìjọba lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé dára jù.
- Owó díẹ̀ fún fọ́tòkọ́pì àti ọkọ̀, àti akápò kan. Ẹni méjì ni kó máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, bó ti wù kó kéré tó.

1. Ẹ gba iṣẹ́ yín sórí ìwé kan ṣoṣo

"Ẹ bá wa wo ọ̀rọ̀ ilé" kì í ṣe iṣẹ́. Ẹni tó bá gbé e fún yín báyìí kò gbé nǹkan kan fún yín, ẹ dá a padà tìtẹríba-tìtẹríba kó lọ tún un kọ. Ohun mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà: wọ́ọ̀dù tàbí òpópónà tí iṣẹ́ yín dé, ìbéèrè tí wọ́n ní kí ẹ dáhùn, ọjọ́ tí ẹ máa parí, àti ẹni tó máa gba àbọ̀ yín pẹ̀lú ohun tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun máa fi ṣe. Ìkẹrin yìí ni wọ́n máa ń yọ sílẹ̀, òun sì ni ẹ̀mí gbogbo rẹ̀. Bí kánsù ò bá ṣèlérí pé wọ́n máa ka àbọ̀ yín ní ìjókòó àwọn káńsẹ́lọ̀, inú dùrọ́ọ̀ ni àbọ̀ náà máa sùn sí.

Bí gbólóhùn tó dáa ṣe rí nìyí: "Kí ìgbìmọ̀ yìí wádìí iye tí ayálégbé tuntun ń san láti wọlé ní wọ́ọ̀dù yìí, àti ipò tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti gọ́tà wà, kí ó sì gbé àbá tí kò ju mẹ́ta lọ wá fún àwọn káńsẹ́lọ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Àwọn káńsẹ́lọ̀ máa ka àbá náà ní ìjókòó tó bá tẹ̀ lé e."

Ẹ ṣọ́ra níbí: Èkó ní ìjọba ìbílẹ̀ 20 àti LCDA 37, ìyẹn àwọn kánsù tí ìjọba ìpínlẹ̀ gé jáde lára ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì mọ èyí tí òun wà lábẹ́ rẹ̀. Inú Lagos Mainland ni wọ́n ti gé Yaba LCDA, inú Ṣómólú ni wọ́n ti gé Bàrígà, inú Mushin ni wọ́n ti gé Odi-Olówó/Ojúwòyè. Lẹ́tà tó bá lọ sí kánsù tí kì í ṣe tiyín kò ní í dé ibi kankan. Ẹ lọ béèrè ní sẹkitéríàtì kí ẹ tó tẹ lẹ́tà.

Láti mọ̀ bóyá ẹ ti ṣe é dáadáa, ẹ ka ìwé náà sí ẹnì kan létí tí kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀, bóyá ẹni tó ń ta kádì lẹ́bàá ọ̀nà. Bó bá lè sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe àti ìgbà tí ẹ máa parí, ẹ máa lọ. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ tún un kọ.

2. Ẹ yan èèyàn, kí kálukú sì sọ ohun tó kàn án

Ẹ fi onílé síbẹ̀, ẹ fi ayálégbé síbẹ̀, kí ayálégbé sì pọ̀ díẹ̀ ju onílé lọ torí àwọn ló pọ̀ jù ládùúgbò. Ẹ wá éjẹ́ǹtì kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, bíríkìlà tàbí ẹni tó mọ ilé kíkọ́, ìyálọ́jà kan tó ń háyà ṣọ́ọ̀bù, ọ̀dọ́ tó ń wá yàrá àkọ́kọ́, àti ẹni tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ arọ ló fi ń rìn tàbí tí kò ríran dáadáa. Ẹni tí ò lè gun àtẹ̀gùn mọ ohun tí àwa yòókù ò rí.

Bó bá jẹ́ Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ wà, ọ̀rọ̀ ilé ẹbí ò ní jẹ́ kí ẹ sùn tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó ń gbé nínú yàrá bàbá bàbá rẹ̀ kò sanwó ilé, kì í sì í ṣe òun nìkan ló ni ín. Bí wọ́n bá pín ìgbìmọ̀ sí "onílé" àti "ayálégbé", kò mọ ibi tí òun máa jókòó sí. Ẹ yan àga fún irú wọn lọ́tọ̀.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, kí kálukú dìde, kó sọ ọ́ kó sì hàn sínú ìwé: ilé mélòó ni mo ní, ta ni mò ń yálé lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé mo ní ẹjọ́ ilé ní kọ́ọ̀tù, ṣé mo ń gba kọ́míṣọ̀n lórí ilé. Ẹ má lé ẹnikẹ́ni torí ohun tó bá sọ. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ bá délẹ̀ ni kó yẹ̀bá, kó má dìbò. Ibi tí ìgbìmọ̀ ti máa ń fọ́ ni ìgbà tí àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ níta pé éjẹ́ǹtì ni akọ̀wé, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì sọ ọ́ rí.

Ẹ wo ojú ewé náà nínú ìwé ńlá. Bí ẹ bá jẹ́ mọ́kànlá, orúkọ mọ́kànlá, gbólóhùn mọ́kànlá, ìbuwọ́lù mọ́kànlá ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá dín, ìpele yìí ò tíì parí.

3. Ẹ ya agbára sọ́tọ̀: ta ló lè ṣe kí ni?

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Gbogbo nǹkan tó bá ń dun èèyàn nínú ilé la máa ń kó lé kánsù lórí, kánsù á ní kì í ṣe tòun, inú á bí wa, iṣẹ́ á dá dúró.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bẹ kánsù pé kó fún yín nílẹ̀ kọ́lé, ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tiẹ̀ lẹ ń kàn. Ohun tó wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà nínú Àfikún Kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999: ìtọ́jú òpópónà, iná òpópónà àti gọ́tà, ìdọ̀tí kíkó, sísọ òpópónà lórúkọ, kíkọ nọ́ńbà sára ilé. Ó lè dà bí ohun kékeré létí. Àmọ́ kí ni ayálégbé Ìwáyà máa fi owó ilé tó dínkù ṣe bí omi gọ́tà bá ń bá a sùn lórí ibùsùn? Wolé-wolé náà wà ní kánsù, ọ̀rọ̀ ṣálángá tó kún ti di tiwọn nìyẹn.

Òfin ìpínlẹ̀ ló de owó ilé. Òfin Ayálégbé 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé tuntun. Ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ tó ń san oṣooṣù, wọn ò gbọdọ̀ béèrè ju oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń san ọdọọdún, kò gbọdọ̀ ju ọdún kan. Ẹni tó bá rú u lè san ₦100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tó ń san oṣooṣù lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù kan kó tó kó jáde, ẹni tó ń san ọdọọdún sì lẹ́tọ̀ọ́ sí oṣù mẹ́fà. Òfin náà kò dé Apápá, Ikeja GRA, Ìkòyí àti Victoria Island, kí ẹ̀yin tó wà lágbègbè wọ̀nyẹn má lọ fi ìpín rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2025, àbádòfin tuntun lórí ọ̀rọ̀ ayálégbé dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó, torí náà kí akọ̀wé yín béèrè ibi tí ó dé kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà ìpín òfin kankan sínú àbọ̀.

Àwọn ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ yòókù nìyí, wọn ò gùn. Ìjà onílé àti ayálégbé: Citizens Mediation Centre, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń báni yanjú rẹ̀. Ẹni tí ò lówó lọ́yà: Office of the Public Defender. Éjẹ́ǹtì tó gbowó tó sá lọ: LASRERA. Ìwé àṣẹ ilé kíkọ́: LASPPPA. Ilé tó ti là tàbí tí wọ́n ń kọ́ wúruwùru: LASBCA. Àtúnkọ́ àdúgbò tó ti gbó: LASURA.

Kí ẹ tó kúrò níbí, ẹ kọ ẹ̀dùn ọkàn mẹ́wàá sórí bébà kéékèèké, ẹ̀dùn tí ẹ gbọ́ ládùúgbò gan-an. Ẹ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá fà á sọ ọ́fíìsì tó kàn. Bí gbogbo mẹ́wàá bá ní ibi tí wọ́n ń lọ, tí ìgbìmọ̀ ò sì jiyàn lórí ju ẹyọ kan lọ, ẹ ti mọ ọ̀nà. Àwọn tó jẹ́ ti kánsù nínú wọn ni kí ẹ fi ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́ta yìí. Èyí tó kù, ẹ darí àwọn tó ni ín síbi tó yẹ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ darí wọn.

4. Ẹ ṣe òfin ilé yín, kíákíá

Wákàtí kan ti tó. Èèyàn mélòó ló gbọ́dọ̀ wà kí ìpinnu tó lè múlẹ̀? Bí ẹ bá jẹ́ mọ́kànlá, ẹ mú méje. Ìṣẹ́jú mélòó ni kálukú lè sọ̀rọ̀? Mẹ́ta. Ta ló lè bá oníròyìn sọ̀rọ̀? Ẹnì kan ṣoṣo. Gúrúùpù WhatsApp wà fún àsìkò àti ibi ìpàdé nìkan. Ìpinnu tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀ kì í ṣe ìpinnu. Ẹ má sọ̀rọ̀ owó ilé lọ́jọ́ yìí rárá. Ẹni bá gbé e dé, kí alága fi sùúrù dá a dúró.

5. Ẹ ka òpópónà kan

Òpópónà kan péré, ní ojúlé sí ojúlé. Ìgbìmọ̀ tó bá ní òun máa ka gbogbo wọ́ọ̀dù kò ní ka nǹkan kan tán. Ẹ yan èyí tó jọ àwọn tó kù: kí ilé "face-me-I-face-you" wà níbẹ̀, kí fúláàtì wà níbẹ̀, kí ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé náà wà níbẹ̀.

Ẹni méjì ni kó máa jáde pọ̀, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, nítorí ìyá ilé tó wà nílé nìkan lè má ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin méjì. Kí ẹ kọ́kọ́ kí baálé ilé tàbí kiatéékà, kí ọmọdé inú yín kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ lè sọ báyìí:

"Ẹ kú ilé o, mà. Ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ ilé ti wọ́ọ̀dù wa ló rán wa, ìwé wa rèé. A ò wá gbowó, a kì í sì í ṣe ọmọ iṣẹ́ láńlọ́ọ̀dù. Ìbéèrè mẹ́jọ péré la ní. A ò ní kọ orúkọ yín sílẹ̀. Èyí tí ẹ ò bá fẹ́ dáhùn, ẹ ní ká fò ó."

Gbólóhùn nípa owó àti ọmọ iṣẹ́ láńlọ́ọ̀dù yẹn ṣe pàtàkì. Onílé máa rò pé Land Use Charge, ìyẹn owó orí ilé àti ilẹ̀, lẹ bá dé, ayálégbé máa rò pé onílé ló rán yín wá wo ẹni tó kó èrò kún yàrá.

Ìbéèrè mẹ́jọ náà:

1. Yàrá mélòó lẹ ń lò, èèyàn mélòó ló sì ń sùn níbẹ̀?
2. Oṣù wo, ọdún wo lẹ kó wọlé?
3. Èló lẹ san lọ́jọ́ tí ẹ ń wọlé, báwo ni wọ́n sì ṣe pín in?
4. Èló ni ti ọdún yìí?
5. Ṣé wọ́n fún yín ní rìsíìtì? Ṣé a lè rí i?
6. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mélòó ló wà, yàrá mélòó ló sì jọ ń lò ó?
7. Níbo lẹ ti ń rí omi, ṣé àgbàrá sì máa ń wọlé nígbà òjò?
8. Kí ni nǹkan kan tí ẹ fẹ́ kó yí padà nínú ilé yìí?

Ìbéèrè kẹta ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Obìnrin kan ní òun san ₦770,000 wọlé. Ẹ má kọ ₦770,000 sí ibi owó ilé. Ẹ ní kó bá yín tú u: owó ilé ₦600,000, àgírímẹ́ǹtì ₦60,000, kọ́míṣọ̀n éjẹ́ǹtì ₦60,000, kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bàjẹ́, ₦50,000. Ọ̀nà mẹ́rin lowó yẹn gbà jáde, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì bọ́ sí. Bí ẹ bá kó o pọ̀, onílé kan ṣoṣo tó bá dìde ní gbọ̀ngán láti sọ pé "èmi ò gba ₦770,000 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni" ti fọ́ àbọ̀ yín. Bí ẹ bá yà á sọ́tọ̀, gbogbo èèyàn á rí i pé ₦170,000 nínú rẹ̀ kì í ṣe owó ilé, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ gidi máa tó bẹ̀rẹ̀.

Rìsíìtì ju ìrántí lọ. Ẹ máa rí ìyá tó máa wọ yàrá lọ, tó máa gbé báàgì kan jáde lábẹ́ ibùsùn, tó máa tú ọ̀rá mẹ́ta kó tó yọ bébà kan tó ti pọ́n. "Rent" ló wà lórí rẹ̀ gàdàgbà àti iye owó kan; kò sí ọjọ́ tí ọdún bẹ̀rẹ̀, kò sí ìgbà tó máa parí, kò sí nọ́ńbà ilé. Òfin 2011 ní kí orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ọjọ́, ibi tí ilé wà, iye owó àti àsìkò tí owó náà wà fún hàn lórí rìsíìtì. Ẹ kọ ohun tó wà níbẹ̀ àti ohun tí kò sí. Ẹ fi ọ̀wọ̀ dá bébà náà padà, ẹ má fi fóònù ya orúkọ tó wà lórí rẹ̀.

Fún ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àmì sí i, bíi A1, A2, kí ìwé tó so àmì mọ́ ojúlé sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé nìkan. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 kò fẹ́ kí ẹ máa tú ọ̀rọ̀ ẹni kiri. Ohun mìíràn tún wà tó ju òfin lọ: àkójọ àwọn ilé tó burú lè di àkójọ àwọn ilé tí katakátá máa wá wó. Àwọn tó ń gbé etí omi mọ èyí dáadáa. Wọ́n wó ilé ní Mákòkó ní ọdún 2012, wọ́n wó Otodo Gbame láàárín 2016 sí 2017, àwọn tó sun ìta lẹ́yìn rẹ̀ pọ̀. Àánú àwọn èèyàn wọ̀nyí gbọ́dọ̀ wà lọ́kàn yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá mú báírò. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ yín di ohun tí wọ́n máa fi lé wọn.

Ọ̀ràn kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Bí ẹ bá rí òpó tó ti là débi pé irin inú rẹ̀ ti yọ síta tó sì ti dípẹtà, tàbí dẹ́kìn tó ti tẹ̀ láàárín, tàbí ilẹ̀kùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń há lójijì nínú ilé alájà, ẹ dá kíkà dúró. Ẹ sọ fún gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ kọ̀wé sí LASBCA lọ́jọ́ náà, bó bá sì dà bíi pé ó fẹ́ wó, ẹ pe 112 tàbí 767. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé alájà tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì ní Lagos Island, ọmọ iléèwé sì wà lára àwọn tó kú. Ẹ̀mí kọ́kọ́, fọ́ọ̀mù lẹ́yìn.

Ẹ yẹ iṣẹ́ yín wò báyìí: kí ẹni méjì mìíràn padà lọ sí ojúlé mẹ́ta tí ẹ ti kà, kí wọ́n béèrè ìbéèrè kẹta àti ìkẹfà nìkan. Bí ìdáhùn bá bá ti àkọ́kọ́ mu, ẹ gba fọ́ọ̀mù yín gbọ́. Bí kò bá bára mu, ẹni tó kọ́kọ́ lọ ló ń kánjú. Ẹ tún ojúlé tirẹ̀ kà.

6. Ẹ gbọ́ tẹnu wọn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀

Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn ayálégbé nìkan. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ pe àwọn onílé nìkan. Ìgbà kẹta ni kí wọ́n tó jókòó pọ̀. Bí ẹ bá kó wọn pọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ayálégbé tí owó rẹ̀ ku oṣù méjì kó pé ò ní la ẹnu níwájú onílé rẹ̀.

Ẹ tẹ́tí sí onílé tọkàntọkàn. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tó ń jẹun lórí yàrá mẹ́rin kì í ṣe ọ̀tá yín. Ó máa sọ iye tó fi wa bóhóòlù, iye páànù, ayálégbé tó jẹ ẹ́ lówó ọdún méjì tí kọ́ọ̀tù ò sì tíì dá a lóhùn. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Àbọ̀ tí kò bá ní ohùn onílé nínú, àwọn káńsẹ́lọ̀ tó jẹ́ onílé ò ní kà á ju ojú ewé kìíní lọ.

Ọjọ́ Sátidé ìrọ̀lẹ́ tàbí Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn ló bá ọ̀pọ̀ èèyàn lára mu. Ẹ yẹra fún Jímọ́ ọ̀sán. Ní Mákòkó àti Ìwáyà, ẹ wá ẹni tó gbọ́ Ègùn dáadáa tó máa ṣògbufọ̀. Níbi tí Ìgbò àti Hausa bá pọ̀ sí, ẹ fi píjìn kún un. Ẹni tó bá kàn ń mi orí lè jẹ́ ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan.

Àmì pé ó yọrí sí rere: kí ìpàdé kẹta tó parí, ó kéré tán ohun méjì wà tí onílé àti ayálégbé jọ fọwọ́ sí. Gọ́tà sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan.

7. Ẹ béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba

Òfin Òmìnira Ìsọfúnni ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti béèrè, kò sì pọn dandan kó sọ ìdí. Ọjọ́ méje ni ọ́fíìsì ní láti dáhùn. Wọ́n lè fi ọjọ́ méje kún un bí ìdí bá wà. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé òfin náà kò kan àwọn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó kan gbogbo wọn.

Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú:

"Sí Akọ̀wé Kánsù. Lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìsọfúnni 2011, a fẹ́ gba ẹ̀dà àwọn ìwé wọ̀nyí: (1) iye tí kánsù yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà ní wọ́ọ̀dù wa nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí, àti iye tí wọ́n ti ná, (2) òfin kánsù tó wà nílẹ̀ lórí ìmọ́tótó ilé gbígbé, (3) iye ilé tí wolé-wolé wò ní wọ́ọ̀dù wa lọ́dún tó kọjá. A ti ṣe tán láti sanwó fọ́tòkọ́pì. Àdírẹ́sì wa nìyí."

Ohun mẹ́ta, ó tó. Lẹ́tà tó bá béèrè ohun ogún, wọ́n á fi ti ìkejìlá ṣe àwáwí fún gbogbo rẹ̀.

Ṣé ẹ rí ibi tí àwọn èèyàn ti ń pàdánù? Wọ́n á fi lẹ́tà sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n á lọ. Ẹ mú ẹ̀dà méjì dání. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà yín, kí déètì àti orúkọ ẹni tó gbà á wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ kò sí nílé, ẹ jókòó dè é. Kò sí òǹtẹ̀, kò sí lẹ́tà. Láti ọjọ́ tó wà lórí òǹtẹ̀ yẹn lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ méje. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù, torí náà ẹ tètè lọ rí lọ́yà.

8. Ẹ kọ àbọ̀ tí kò ju ojú ewé mẹ́fà lọ

Àbá yín kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó máa ṣe é, ohun tó máa ṣe gan-an, ìgbà tó máa parí, àti ibi tí owó ti máa wá.

Èyí kò dáa: "Kí ìjọba wá nǹkan ṣe sí ìṣòro ilé."

Èyí dáa: "Kí ẹ̀ka ìlera kánsù rán wolé-wolé lọ sí gbogbo ilé tí yàrá tó ju mẹ́wàá lọ ti ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ní òpópónà tí a kà, kí wọ́n fún onílé ní oṣù mẹ́fà láti kọ́ ìkejì, kí kánsù sì bá wọn gbọ́n ṣálángá tó kún lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní àárín oṣù mẹ́fà yẹn."

Ẹ wo ìdí tí apá tó kẹ́yìn fi wà níbẹ̀. Bí wolé-wolé bá kàn já lu onílé, owó ìgbọ̀nsẹ̀ tuntun máa jáde lára owó ilé ọdún tó ń bọ̀, àwọn tí ẹ fẹ́ gbà là ló sì máa san án. Lórí àbá kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín léèrè: ta ló máa san án níkẹyìn? Bí ó bá jẹ́ ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù nínú ilé náà, ẹ tún àbá ọ̀hún rò.

Ẹ ka àbọ̀ náà ní gbangba ní òpópónà tí ẹ kà kí ẹ tó gbé e lọ sí kánsù, lédè Yorùbá àti lédè tí àwọn ará ibẹ̀ gbọ́. Wọ́n máa tún nọ́ńbà kan ṣe fún yín, ó dá mi lójú. Ẹ gbà á, ẹ tún un kọ.

Kí gbogbo ìgbìmọ̀ lọ fi í jíṣẹ́. Ẹ̀dà kan fún alága kánsù, ẹ̀dà kan fún olórí àwọn káńsẹ́lọ̀, ẹ̀dà kan fún káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín, òǹtẹ̀ lórí ẹ̀dà yín fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba ọjọ́ ìjókòó tí wọ́n máa kà á. Bí wọ́n bá ní "a máa pè yín", ẹ fi ìwé tí ẹ gbà ní ìpele kìíní hàn wọ́n, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ìjókòó tó bá tẹ̀ lé e ni. Ẹ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé ńlá, ẹ kọ orúkọ ẹni tó fún yín ní ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì yan ẹni márùn-ún tó máa lọ jókòó ní àga ará ìlú lọ́jọ́ ìjókòó ọ̀hún pẹ̀lú ẹ̀dà àbọ̀ lọ́wọ́.